Ètò fáìlì header àti ìṣètò ìkọ́ fún module ìpamọ́ fáìlì nínú kernel Linux

Ètò fáìlì header àti ìṣètò ìkọ́ fún module ìpamọ́ fáìlì nínú kernel Linux ni ọ̀nà tí àwọn tó ń kọ kóòdù kernel náà ń gbà pín àwọn ìkéde inú kóòdù wọn sí fódà tó yẹ, àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ apá kóòdù tí a ó kọ́ àti èyí tí a ó fi sílẹ̀. Kernel ni ètò tó dúró láàárín ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà àti àwọn ètò tí ènìyàn ń lò lójoojúmọ́. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ Linux ní ọdún 1991, èdè C ni a sì fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Module ìpamọ́ fáìlì ni ẹ̀ka kernel tó mọ bí a ṣe ń to fáìlì sórí dísìkì. Ext4, XFS àti Btrfs wà lára irú wọn.

Nínú àyọkà yìí, kíkọ kóòdù àti kíkọ́ kernel jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. A ń kọ kóòdù bí a ṣe ń kọ ìwé. A sì ń kọ́ kernel bí a ṣe ń kọ́ ilé, nígbà tí ètò atúmọ̀ bá sọ kóòdù náà di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́.

Lójú ẹni tó bá wò ó lóréfèé, ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ni gbogbo èyí: ibo ni a ó fi fáìlì kan sí, kí ni a ó pè é. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ìkéde kan wà ló ń sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbára lé e, àṣàyàn tí a ṣe nígbà ìkọ́ sì lè yí ìrísí dátà padà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà. Module ìpamọ́ fáìlì tí a fi header tí kò bá kernel mu kọ́ lè ba fáìlì oní-nǹkan jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ohun tí header ń ṣe

Nínú èdè C, inú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .c ni iṣẹ́ gan-an wà. Èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .h ni header: ibẹ̀ ni a ti ń kéde orúkọ àwọn iṣẹ́, àwọn iye tí kì í yí padà, àti ìrísí àwọn struct. Struct ni àkójọ iye tó tò tẹ̀lé ara wọn nínú ìrántí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Ènìyàn ń fi orúkọ pe àwọn àyè náà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ètò atúmọ̀ bá ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán, nọ́ńbà ló ń kù: báìtì mélòó láti ìbẹ̀rẹ̀ struct.

Nítorí náà, bí apá méjì nínú ètò kan bá ka ìkéde méjì tó yàtọ̀ fún struct kan náà, ọ̀kan yóò kó ẹrù sí yàrá kẹrin, èkejì yóò sì lọ wá a ní yàrá kẹta. Ohun tó bá bá níbẹ̀ ni yóò lò. Kò sí àṣìṣe kankan tí yóò hàn nígbà ìkọ́, nítorí pé apá kọ̀ọ̀kan tọ́ lójú ara rẹ̀.

Ibi tí header kọ̀ọ̀kan ń gbé

Ìlànà tó wọ́pọ̀ ni pé kí a má ṣe gbé header jìnnà sílé ju ibi tí àwọn tó nílò rẹ̀ wà lọ. Ohun tí ext4 nìkan ń lò wà nínú fódà fs/ext4, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fáìlì .c rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni ext4.h, ext4_jbd2.h, ext4_extents.h, xattr.h, mballoc.h àti acl.h wà pẹ̀lú rẹ̀. Àmì àyọlò ni àwọn fáìlì .c fi ń pè wọ́n:

#include "ext4.h"

Ohun tí ẹ̀ka kernel púpọ̀ jọ ń lò wà nínú include/linux, àmì < àti > ni a sì fi ń pè é. Ibẹ̀ ni fs.h wà, èyí tó kéde struct inode, struct super_block àti struct file_system_type tí module kọ̀ọ̀kan fi ń forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ kernel. Ibẹ̀ náà ni jbd2.h wà. JBD2 ni ẹ̀ka tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ìyípadà kí ó tó délẹ̀ sórí dísìkì, kí iná má bàa lọ lójijì kí iṣẹ́ sì dàrú. Ext4 nìkan kọ́ ló ń lò ó, OCFS2 náà ń lò ó, ìdí nìyí tí header rẹ̀ fi wà ní gbangba kernel.

Kì í ṣe báyìí ni ó rí látilẹ̀wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, header ext2, ext3 àti ext4 wà nínú include/linux, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè pè wọ́n. Ní ọdún 2008 ni Christoph Hellwig kó ti ext4 lọ sínú fs/ext4. Ní ọdún 2012 ni Al Viro ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún ext2 àti ext3. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í fi ohun tuntun kún ètò, kò sì mú un yára. Èrè rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ yí struct inú ext4 padà lónìí mọ̀ pé inú fódà kan ṣoṣo ni òun ní láti wò.

Ìpele kẹta ni include/uapi/linux, òun ló sì gba ìṣọ́ra jù. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìkéde tí àwọn ètò òde kernel, irú bí ètò tó ń tún dísìkì ṣe, fi ń bá kernel sọ̀rọ̀. Nínú Btrfs, fún àpẹẹrẹ, include/uapi/linux/btrfs.h ló gbé àwọn àṣẹ tí ètò òde lè rán sí Btrfs. Nọ́ńbà tí a fi ń dá ètò ìpamọ́ kọ̀ọ̀kan mọ̀ wà nínú magic.h ní fódà kan náà. Ti ext2, ext3 àti ext4 jẹ́ ọ̀kan náà, 0xEF53. Òfin Torvalds lórí èyí le: ìyípadà nínú kernel kò gbọdọ̀ ba ètò òǹlò tó ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́. Ohun tí a bá ti fi sínú uapi ti di ìlérí, a kì í sì í yọ ìlérí bẹ́ẹ̀ kúrò nítorí pé ó burẹ́wà.

Kí ọ̀rọ̀ tó rí báyìí, header kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún kernel àti fún ètò òde, tí a ń fi ìlà #ifdef __KERNEL__ ya apá tí ètò òde kò gbọdọ̀ rí sọ́tọ̀. Àṣẹ make headers_install, tí David Woodhouse mú wá ní ọdún 2006, ń fọ apá náà kúrò kí a tó fi header ránṣẹ́ sí òde. David Howells ló wá pín àwọn fáìlì náà sí méjì gedegbe nínú Linux 3.7, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2012.

Ìpínyà yìí ló fa ìdàrúdàpọ̀ kan tí ń bá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jà. Lórí Debian àti Ubuntu, àpò linux-libc-dev ló gbé header uapi fún ètò òde. Èyí tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux-headers ni a fi ń kọ́ module. Lórí Fedora, kernel-headers ni ti ètò òde, kernel-devel sì ni ti module. Orúkọ jọra, iṣẹ́ kò jọra. Ẹni tó bá fi kernel-headers nìkan sórí Fedora, tó sì fẹ́ kọ́ module, kò ní rí struct inode rárá.

Ìrísí orí dísìkì àti ìrísí inú ìrántí

Nínú header ètò ìpamọ́ kan náà, irú struct méjì ló ń gbé pọ̀. Struct ext4_inode ni ìrísí àkọsílẹ̀ fáìlì bó ṣe wà lórí dísìkì. Struct ext4_inode_info ni ìrísí rẹ̀ nígbà tí kernel bá ti gbé e sínú ìrántí. Ti inú ìrántí lè yí padà láti ẹ̀dà kan sí òmíràn. Ti orí dísìkì kò gbọdọ̀ yí padà bẹ́ẹ̀, nítorí pé dísìkì tí a tò lónìí ni a ó tún fi sínú kọ̀ǹpútà mìíràn lọ́dún mẹ́wàá sí i.

Láti fi ìyàtọ̀ náà hàn, irú iye bíi __le16 àti __le32 ni a ń lò nínú struct orí dísìkì. Wọ́n ń sọ pé báìtì tó kéré jù ló ṣáájú, ohun yòówù tí ẹ̀rọ náà ìbáà fẹ́. Ẹni tó bá kà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi le32_to_cpu yí i padà. Ètò kékeré kan tó ń jẹ́ sparse, tí Torvalds kọ ní ọdún 2003, ń mú ẹni tó bá gbàgbé; àṣẹ make C=1 ló ń pè é. Ìwọ̀n struct náà ṣe é yẹ̀ wò nígbà ìkọ́: superblock ext4 gbọdọ̀ jẹ́ báìtì 1024, ti Btrfs gbọdọ̀ jẹ́ 4096, Btrfs sì ní ìlà static_assert tí yóò dá ìkọ́ dúró bí nọ́ńbà náà bá yàtọ̀. Ìlà kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ wúlò ju ojú ìwé àlàyé mẹ́wàá lọ.

Kò yẹ kí #ifdef kankan wọ inú struct orí dísìkì. Bí ìrísí rẹ̀ bá gbára lé àṣàyàn ẹni tó kọ́ kernel, kọ̀ǹpútà méjì kò ní lè ka dísìkì kan náà.

Kconfig àti Makefile

Àṣàyàn tí ènìyàn lè ṣe nígbà ìkọ́ wà nínú àwọn fáìlì tó ń jẹ́ Kconfig. Roman Zippel ló kọ ètò yìí. Ó wọ inú kernel ní ẹ̀dà 2.5.45 ní ọdún 2002. Module kọ̀ọ̀kan ní Kconfig tirẹ̀ nínú fódà tirẹ̀, fs/Kconfig sì ń pè wọ́n wọlé. Àṣàyàn EXT4_FS jẹ́ oní-ọ̀nà mẹ́ta: y túmọ̀ sí pé kí ó wà nínú kernel gan-an, m pé kí ó jẹ́ module tí a lè gbé wọlé nígbàkúùgbà, n pé kí a fi í sílẹ̀. Bí a bá ti yàn án, Kconfig fúnra rẹ̀ ni yóò yan JBD2 tẹ̀lé e.

Makefile inú fs/ext4 kò ní ju ìlà bí mélòó kan lọ. Díẹ̀ nìyí nínú rẹ̀. A ti gé orúkọ àwọn fáìlì kúrú:

obj-$(CONFIG_EXT4_FS) += ext4.o
ext4-y := balloc.o bitmap.o dir.o file.o inode.o super.o
ext4-$(CONFIG_EXT4_FS_POSIX_ACL) += acl.o

Ìlà àkọ́kọ́ yóò di obj-y, obj-m tàbí obj- lásán, gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn ẹni tó ń kọ́ kernel. Ìlà kejì sọ àwọn fáìlì tí a ó so pọ̀ di ext4.o. Ìlà kẹta ló fi ọgbọ́n hàn: bí a kò bá yan ìṣàkóso àṣẹ POSIX, fáìlì acl.c kò ní wọ inú ìkọ́ rárá.

Bí acl.c kò bá sí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn fáìlì yòókù tó ń pe ext4_init_acl? Acl.h ló dáhùn. Bí àṣàyàn náà bá wà, header náà kéde iṣẹ́ gidi. Bí kò bá sí, ó fi iṣẹ́ òfìfo tó kàn ń dá òdo padà rọ́pò rẹ̀, ó sì sọ ext4_get_acl di NULL. Fáìlì tó ń pè wọ́n kò ní láti mọ èyí tó ṣẹlẹ̀. Ìlànà ìkọ̀wé kernel fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju kí #ifdef tú káàkiri inú fáìlì .c lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kóòdù tí #ifdef gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ ṣòro láti kà.

Pàkúté kan wà nídìí ọ̀nà mẹ́ta yẹn. Bí a bá yan m fún EXT4_FS, orúkọ tí C rí ni CONFIG_EXT4_FS_MODULE. #ifdef CONFIG_EXT4_FS yóò wá hùwà bí ẹni pé a kò yan ext4 rárá. IS_ENABLED(CONFIG_EXT4_FS) ló ń wo méjèèjì.

Nígbà tí àṣàyàn bá yí struct padà

Struct inode nínú fs.h ní àwọn àyè tó ń wà tàbí tí kì í wà. I_acl wà bí CONFIG_FS_POSIX_ACL bá wà. I_security wà bí CONFIG_SECURITY bá wà. Yíyọ ọ̀kan nínú wọn ń sún gbogbo àyè tó tẹ̀lé e síwájú. Ọ̀rọ̀ náà kan module ìpamọ́ fáìlì ju ọ̀pọ̀ module mìíràn lọ, nítorí pé wọ́n máa ń gbé struct inode lódindi sínú struct tiwọn. Struct ext4_inode_info ní àyè kan tó ń jẹ́ vfs_inode, odidi struct inode sì ni àyè náà. Ìṣirò báìtì láti orí ọ̀kan dé èkejì ni ext4 fi ń rí dátà tirẹ̀. Bí ìwọ̀n inode tí module mọ̀ bá yàtọ̀ sí èyí tí kernel mọ̀, ìṣirò náà á lọ sí ilé onílé.

Kernel ní ẹ̀ṣọ́ méjì sí èyí. Èkíní ni vermagic, gbólóhùn kan tí a kọ sínú module nígbà ìkọ́, tó dárúkọ ẹ̀dà kernel àti àwọn àṣàyàn bíi SMP. Bí kò bá bá ti kernel mu, kernel yóò kọ̀ láti gba module náà wọlé. Èkejì ni CONFIG_MODVERSIONS, tó ń ṣírò nọ́ńbà kan láti inú ìrísí ohun tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà, tó sì ń fi í wéra nígbà tí module bá ń wọlé. Ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ kò mọ gbogbo àṣàyàn. A lè kọ́ kernel méjì tí orúkọ ẹ̀dà wọn jẹ́ ọ̀kan náà tí struct inode wọn sì yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni modprobe --force lè fi agbára ti ẹ̀ṣọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ìdí rere kankan láti lo àṣẹ yẹn fún module tó ń kọ nǹkan sórí dísìkì.

CONFIG_UNICODE àti orúkọ fáìlì ní èdè Yorùbá

Àpẹẹrẹ kan kan àwọn tó ń fi èdè Yorùbá sọ fáìlì wọn lórúkọ. Lẹ́tà ẹ̀ ṣe é kọ ní ọ̀nà mẹ́ta nínú Unicode: ẹ pẹ̀lú àmì ohùn ìsàlẹ̀ (U+1EB9, U+0300), e pẹ̀lú àmì abẹ́ àti àmì ohùn (U+0065, U+0323, U+0300), tàbí è pẹ̀lú àmì abẹ́ (U+00E8, U+0323). Lójú òǹkàwé, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ní báìtì UTF-8, wọ́n yàtọ̀. Ọ̀nà kẹta tilẹ̀ jẹ́ báìtì 4 nígbà tí méjì ìṣáájú jẹ́ 5. Báìtì ni ext4 ń fi wéra, nítorí náà fáìlì mẹ́ta tó ń jẹ́ «ẹ̀kọ́» lè wà nínú fódà kan ṣoṣo.

Láti Linux 5.2, tó jáde ní ọdún 2019, ext4 ní ohun tí a ń pè ní casefold, èyí tí Gabriel Krisman Bertazi ṣiṣẹ́ lé lórí. Nínú fódà tí a bá fi àmì rẹ̀ sí, a kì í ya lẹ́tà ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré, a sì máa ń sọ ọ̀nà ìkọ̀wé tó dọ́gba nínú Unicode di ọ̀kan kí a tó fi wọ́n wéra. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a fi kọ ẹ̀ yóò tọ́ka sí fáìlì kan náà, orúkọ náà yóò sì wà bí ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ ṣe kọ ọ́.

Inú fódà fs/unicode ni kóòdù rẹ̀ wà, include/linux/unicode.h ni header rẹ̀, CONFIG_UNICODE ni àṣàyàn rẹ̀. Àṣàyàn yìí ń fi àyè s_encoding kún struct super_block, ó sì ń fi cf_name kún struct ext4_filename, méjèèjì lábẹ́ IS_ENABLED. Lórí dísìkì, àmì casefold àti nọ́ńbà ọ̀nà ìkọ̀wé ní àyè wọn nínú superblock, bóyá a yan CONFIG_UNICODE tàbí a kò yàn án. Nítorí èyí, kernel tí a kọ́ láìsí i ṣì lè ka àmì náà, kí ó mọ̀ pé òun kò ní agbára rẹ̀, kí ó sì kọ̀ láti ṣí dísìkì náà. Kíkọ̀ yẹn ni ìwà tó tọ́: bí ó bá ṣí i bí èyí tí kò ní casefold, orúkọ tí a kọ sí fódà náà yóò dojú rú.

Module tí kò sí nínú igi kernel

Ẹni tí module rẹ̀ kò sí lára kóòdù Linux náà ń lo ètò ìkọ́ kernel. Ó lè kọ obj-m dípò obj-$(CONFIG_…) sínú fáìlì tó ń jẹ́ Kbuild, kí ó sì pa àṣẹ yìí:

make -C /lib/modules/$(uname -r)/build M=$PWD modules

Apá -C gbé e lọ sọ́dọ̀ header àti àṣàyàn kernel tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. M sọ ibi tí module wà. Bí ó bá ní fódà header tirẹ̀, ccflags-y := -I$(src)/include ni yóò fi hàn. Kí a má ṣe da header kernel kọ sínú fódà module rárá: ẹ̀dà tí a dà kọ kì í dàgbà pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

Wàhálà gidi tó wà níbí ni pé kernel kò ṣe ìlérí kankan fún irú module bẹ́ẹ̀. Ní Linux 5.12, ní ọdún 2021, àwọn iṣẹ́ orí inode gba ohun tuntun kan, struct user_namespace, ní 6.3, ní ọdún 2023, a fi struct mnt_idmap rọ́pò rẹ̀. Module tó wà nínú igi kernel ni ẹni tó ṣe ìyípadà náà bá tún ṣe. Ti òde ni olówó rẹ̀ ń tún ṣe.

OpenZFS ló gbé ẹrù yìí jù, nítorí ìwé-àṣẹ CDDL rẹ̀ kò jẹ́ kí ó wọ inú kernel tó wà lábẹ́ GPL. Ó ya header Linux sọ́tọ̀ sí include/os/linux, ti FreeBSD sí include/os/freebsd. Kì í gbára lé nọ́ńbà ẹ̀dà nìkan láti mọ ohun tí kernel ní: kí ìkọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ètò kéékèèké láti wò ó bóyá iṣẹ́ kan wà àti irú ohun tó ń gbà. Ọ̀nà yìí pẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbọ́kàn lé ju LINUX_VERSION_CODE lọ, nítorí pé àwọn tó ń pín Linux, bíi Red Hat, máa ń gbé ìyípadà tuntun sínú kernel tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì jẹ́ ti àtijọ́.

Ìwọ̀n header

Header tó pe header mìíràn, tó tún pe òmíràn, ń mú ìkọ́ falẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, Ingo Molnar gbé àtúnṣe tó lé ní 2,200 kalẹ̀ láti tú ìsokọ́ra yìí. A kò gbà á wọlé lódindi. Ọgbọ́n tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lò jù ni ìkéde kúkúrú: ìlà «struct inode;» nìkan tó fún header tó kàn ń tọ́ka sí inode láti òkèèrè, láìpe fs.h. Include/trace/events/ext4.h ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn struct ext4 tí kò lè rí. Ext4.h kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún struct inode, nítorí pé odidi rẹ̀ ló wà nínú ext4_inode_info, ètò atúmọ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n rẹ̀ ní báìtì kí ó tó lè ṣe àyè fún un.